Ẹ̀rí Tí Wọ́n Fi Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe

Ìyá wa ni wọ́n máa ń rán lọ wádìí. Bí ìdílé kan ní Òkè-Ìlá, àdúgbò wa, bá fẹ́ gbé ìyàwó fún ọmọ wọn, tí wọ́n sì fẹ́ mọ irú ilé tí ọmọbìnrin náà ti jáde, wọ́n á wá bá a nírọ̀lẹ́, wọ́n á rọra sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí. Bílẹ̀ bá mọ́, ìyá wa á wọ bàtà, á gba àdúgbò ẹni ẹlẹ́ni lọ bí ẹni tó ń wá èlùbọ́ rà. Á tọrọ omi. Á yin ọmọ inú ilé, á bú ìjọba díẹ̀, á sì béèrè ọ̀nà tí kò fẹ́ gbà. Kó tó dá ife padà, ó ti mọ̀ bóyá wọ́n ń jalè nínú ilé náà, bóyá ẹnì kan ń ṣe wárápá, bóyá ẹnì kan ya wèrè rí. Ti wèrè yẹn ló ń ba gbogbo ayé lẹ́rù jù. Wọ́n ní àjogúnbá ni. Wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò dùn-ún bí lọ́mọ, wọ́n sì gbà pé kò dùn-ún fẹ́ níyàwó náà.

Nígbà tí ohun tí ìyá wa ń wá kiri ilé onílé wá wọ ilé tiwa, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ bí a ṣe ń dí ihò.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ló wà, ó ku díẹ̀ kó jáde, ni wọ́n gbé e wá sílé fún wa. Kò sùn mọ́. Ó ní ẹnì kan wà lókè àjà tó ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì, tó bá sì ti kan orúkọ tirẹ̀, á dìde dúró ṣánṣán, á ní, "Mo wà ńbí, sà." Nínú balùwẹ̀, nídìí ìkòkò, lórí àdúrà, "mo wà ńbí, sà" ṣáá ni, títí mo fi ń fi ọwọ́ dí etí. Ìyá wa gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní Ìbàdàn. Wọ́n rí dókítà níbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lábẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Ohun tí àwọn ará àdúgbò gbọ́ ni pé ó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Kí irọ́ náà lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìyá wa wá ọ̀gá fún un, ó sì kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní tòótọ́. Nígbà tó padà dé, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ bọ̀, ojú rẹ̀ balẹ̀, ọrùn aṣọ tó bá sì ti ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í ká kò.

Wàhálà tó kù ni abẹ́rẹ́. Ìbàdàn jìnnà, aránṣọ wo ni yóò sì máa lọ sí Ìbàdàn lóṣooṣù tí àwọn ará Òkè-Ìlá kò ní béèrè pé ta ló bímọ níbẹ̀?

Àsìkò yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín ìpínlẹ̀, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú wa. Ìjọba gba ilé kan lọ́nà Adébáyọ̀, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n fi nọ́ọ̀sì kan síbẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn kò bá fara balẹ̀. Ayọ̀ wa kún, nítorí a mọ nọ́ọ̀sì náà. Ọmọ ìjọ wa ni. Òun gan-an ni ọ̀gá akọrin, abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń kọrin láti kékeré. Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń pè é. Ó kàwé dé òkè òkun, kò sì gbéra ga. Bó bá wọlé wa, á ṣí ìkòkò wo kó tó kí wa. Òun ló sọ fún ìjọba pé kí wọ́n má kọ nǹkan kan sára ilé funfun yẹn, kí ẹni tó bá wọbẹ̀ lè dà bí ẹni tó lọ kí ọ̀rẹ́.

Àwa kò tilẹ̀ ní láti lọ síbẹ̀. Bí oṣù bá ti pé, Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì á gbé ìwé orin sí abíyá, á gba ojú ọ̀nà wá kedere, á máa kí gbogbo èèyàn. A ó ti ilẹ̀kùn pálọ̀. Wọ́n á kọ ẹsẹ orin kan, ohùn ẹ̀gbọ́n mi lókè, ti Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì nísàlẹ̀. Á gún abẹ́rẹ́. Wọ́n á tún kọ ẹsẹ mìíràn, èyí tí ohùn ẹ̀gbọ́n mi á máa gbọ̀n díẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́ náà máa ń dùn ún. Àwọn aládùúgbò ti gbà pé ẹ̀gbọ́n mi ni yóò dá orin kọ lọ́jọ́ Ìkórè. Ẹ̀rín máa ń pa èmi àti ìyá wa lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kan ó dé, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní àwọn ará Àkúrẹ́, àwọn ọ̀gá òun nínú ìjọba, ti gbé ètò tuntun kalẹ̀. Tẹ́lẹ̀, iye abẹ́rẹ́ tó gún àti iye èèyàn tó wọlé ni wọ́n ń bi í. Ó yíjú sí mi, nítorí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Ó ní, "Tíṣà, bí wọ́n bá ní báwo niṣẹ́ rẹ, ṣé iye ẹfun tí o fi kọ̀wé lára pátákó lo máa kà fún wọn?"

Mo ní rárá.

"Ọmọ tó mọ̀wé ni wọ́n fẹ́ rí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó dáa. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó sùn la ó máa kà. Ẹni tó padà sídìí iṣẹ́, ẹni tó ń bá ará ilé rẹ̀ jẹun. Ibi tó bá so èso ni wọ́n ó máa kó oògùn fún. Ibi tí kò bá rí nǹkan kan fi hàn, wọn ó tì í pa. Ohun aráàlú ni, a gbọ́dọ̀ lè jíhìn rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mo ṣì gbà á gbọ́ títí di òní, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ètò ni mò ń bá jà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń so èèyàn mọ́ gẹdú tí wọ́n sì ń pè é ní ìtọ́jú, tí kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ohun tó yọrí sí. Ẹni tó bá ní kí wọ́n jíhìn, olóore ni.

Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì ní ètò náà tún sọ pé kí wọ́n bi aláìsàn fúnra rẹ̀ ní ohun tó fẹ́ kí ìtọ́jú òun já sí. Ó wá wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Sístà, kí ni ìwọ fẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń tú òwú lára aṣọ. Ó ní, "Mo fẹ́ máa rìn lójú títì kí ẹnikẹ́ni má bojú wẹ̀yìn wò mí."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan ni, Bọ̀dá."

Ìyá wa, tí kì í fọ èdè ìwé nínú ilé rẹ̀, wo Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o gbọ́? Ulé mi pátá ni mo gbé lé ọ lọ́wọ́ yìí o." Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lé ìwé orin. Ó ní, "Màmá, bí ẹnu mi bá sọ ọ́, kí n má kọrin mọ́ láyé." A ṣe àmín.

Ó ṣì ń kọrin. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ tilẹ̀ ti dára sí i.

Ọdún yẹn ni ọkùnrin kan láti Ìgèdè bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi. Tíṣà bíi tèmi ni. Aṣọ ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé wá, lẹ́yìn náà ó gbé aṣọ àbúrò rẹ̀ wá, nígbà tí aṣọ ẹbí tán, ó ń wá lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀gbọ́n mi sọ àìsàn rẹ̀ fún un. Ìyá wa ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ohun tí ọkọ kò mọ̀ kò lè fi bú ni, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò lè bá èèyàn sùn kí òun máa sá fún un. Èmi wà níbẹ̀, mò ń ran bọ́tìnnì mọ́ aṣọ kan. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ṣé o lè rán aṣọ ìgbéyàwó ara rẹ, àbí ká gbé e fún ẹlòmíràn?" Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà bí ẹni pé èmi ló fẹ́ fẹ́.

Ó ní kí a má jẹ́ kí ẹbí òun gbọ́. Òun mọ̀, ó tó. Ẹbí kò mọ nǹkan kan nípa abẹ́rẹ́, wèrè ni wọ́n mọ̀.

Kò pẹ́ tí obìnrin àgbà kan fi yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ rán bùbá. Ó tọrọ omi, ó gbé e lọ́wọ́, kò mu ún. Ó bú ìjọba díẹ̀. Ìyá wa tó jókòó lórí ìjókòó ẹ̀yìn fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó, ó sì mọ̀ pé ẹlẹgbẹ́ òun ti dé. Àbúrò bàbá ọkùnrin náà ni. Ìyá wa ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dára, pé obìnrin náà mọ uṣẹ́ rẹ̀ dunjú, bí kò bá jẹ́ ti omi yẹn tí kò mu. Obìnrin náà yí gbogbo àdúgbò po, ó béèrè lọ́wọ́ aláta, ó béèrè lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níkorítà, ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ: ọmọ jẹ́jẹ́, akọrin, ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìbàdàn. Wọ́n ránṣẹ́ pé àwọn ti rí i, ó tẹ́ àwọn lọ́rùn. Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ìyá wa, kó lè fi hàn pé a kò ní ohun tí à ń fi pamọ́, pe àwọn àna lọ́la yìí wá bá wa ṣe Ìkórè.

Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì mọ gbogbo rẹ̀. Orí ìjókòó wa ló jókòó sí tó ń gbàdúrà fún ìgbéyàwó náà.

Kò sọ fún wa pé òun náà pe àlejò. Àwọn ará Àkúrẹ́ ń bọ̀ wá wo ilé funfun lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó sì ti ní kí wọ́n tètè dé, kí wọ́n wá bá ìjọ òun yọ̀. Ìjókòó iwájú ni wọ́n jókòó sí, ọ̀kan wọ dígí, èkejì mú ìwé ìsìn dání ní ìdoríkodò. Nílé ìjọsìn wa, ọjọ́ Ìkórè ni ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe lóore máa ń bọ́ síwájú. Aboyún tó bí, ẹni tó jáde nílé ìwòsàn, ẹni tó yè nínú ọkọ̀, wọ́n á sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ, wọ́n á jó, ìjọ á bá wọn jó. Èèyàn fúnra rẹ̀ ló ń dìde. Mi ò rí i rí kí ẹnì kan dìde fún ẹlòmíràn.

Akọrin kọrin tán. Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì kò jókòó. Ó yíjú sí ìjọ, ó ní òun ní ìdúpẹ́. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé orí tó bá ti dàrú kì í tò mọ́, pé irọ́ ni, pé ilé kan wà lọ́nà Adébáyọ̀ tí ìjọba fi jíǹkí wa, pé òun fẹ́ kí gbogbo ayé rí èso rẹ̀. Mo rò pé ìwàásù lásán ni. Ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn, sáàárín àwọn akọrin, ó di ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mú.

Ó fà á síwájú nínú aṣọ akọrin rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó. Nígbà tí arábìnrin wa yìí ń ṣàìsàn, kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Lónìí ó ń ránṣọ, ó ń kọrin, ó sì ti ń múra ilé ọkọ!"

Ìjọ bú sáyọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ayọ̀ ni. Wọn kò bú u, wọn kò yọ ṣùtì sí i. Halelúyà gba àjà. Àwọn ìyá ìjọ jó yí i ká, wọ́n ń fi ìdíkù nù ún lójú, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ọkùnrin onídígí yẹn ń pàtẹ́wọ́, ó ń mi orí sí ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sì jó. Ojú rẹ̀ ti kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó. Kí ni ì bá ṣe? Ta ló máa dúró gbagidi nígbà tí gbogbo ìjọ bá ń bá a dúpẹ́?

Mo bojú wẹ̀yìn. Obìnrin Ìgèdè tó mọ uṣẹ́ rẹ̀ dunjú ti dìde. Ó tú gèlè, ó tún un wé dáadáa, ó gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀. Kò dúró gba oore-ọ̀fẹ́.

Bí ìsìn ṣe parí, Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì sáré wá bá wa, òógùn ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ò rí i bí ìjọ ṣe yọ̀!"

Ìyá wa wò ó títí. Ó ní, "Ta ló rán ọ?"

Ó ní àwọn ará Àkúrẹ́ ti sọ fún òun pé ẹnu lásán ni gbogbo ibùdó fi ń sọ̀rọ̀, pé wọ́n fẹ́ fojú rí èèyàn kan ṣoṣo tó sàn. Ó ní wọn ì bá ti ilé náà pa. Ó ní èèyàn mélòó ni ì bá padà sídìí gẹdú? Ó ní ìjọ wa sáà ni, ilé wa ni, ohun tí Ọlọ́run ṣe kò yẹ ní fífi pamọ́. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mò ń wá ìtìjú lójú rẹ̀, mi ò rí i. Ohun tí mo rí ni èèyàn tó ti ṣe iṣẹ́ rere. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí ìjọba rán an, ó jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an gẹ́lẹ́, ó sì lo ọmọ ọlọ́mọ láti fi jẹ́ ẹ.

Ìyá wa kò bá a jà. Ó kàn ní, "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́," kò parí rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn ará Ìgèdè wá lọ́jọ́ tí a dá, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọn kò wá. Wọ́n gbé ojú kan tó le dání, ọkùnrin náà sì wà láàárín wọn. Obìnrin yẹn ló sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ti gbàdúrà sí i, kò hàn sí àwọn. Ó ní àwọn kò bá ẹnikẹ́ni jà, ohun tó dun àwọn ni pé a fi nǹkan pamọ́ fún àwọn, àti fún ọmọ àwọn pàápàá.

Gbogbo wa wo ọmọ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi náà wò ó. Mo ń retí pé yóò la ẹnu. Ilẹ̀ ló ń wò, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ fa ìlà sára kápẹ́ẹ̀tì. Ó wá ní, "Wọn kò sọ fún mi."

Mo ti dìde kí n tó mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló fà mí láṣọ jókòó. Kò sọ pé irọ́ ló ń pa. Ó kàn ń wò ó, bí ẹni tó ń wo aṣọ tí kò bá oníbàárà mu, tó ń ronú ibi tí òun ti gé e láìtọ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bojú wẹ̀yìn wo òun náà."

Irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. Irú ẹni tí wọ́n fà síta nìyẹn.

Látìgbà náà, kò jẹ́ kí Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan òun mọ́. Bó bá gbé ìwé orin dé, ẹ̀gbọ́n mi á gba ẹ̀yìn jáde, kò gba abẹ́rẹ́ mọ́. Ó fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Àwọn tó ń jó yí i ká lọ́jọ́ Ìkórè, aṣọ wọn kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Wọ́n ń kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n ń gbé aṣọ wọn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, nítorí ta ló fẹ́ fi sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́? Àwọn ọmọdé á rìn kọjá rẹ̀ lójú títì, wọ́n á dúró, wọ́n á bojú wẹ̀yìn.

Òjò àkọ́rọ̀ ti ń rọ̀ nígbà tí oorun tún dá lójú rẹ̀. Ó ń gbálẹ̀ tó ti gbá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ará ilé: "Mo wà ńbí, sà."

Mo wọ bàtà, mo dorí kọ ọ̀nà Adébáyọ̀. Nínú ọkàn mi, mo ti to gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo fẹ́ sọ fún un pé, ẹ ní ẹni tó sùn lẹ máa ń kà, ẹ wá ka èyí náà. Ẹ ti fi han gbogbo ayé bí èso iṣẹ́ yín ṣe pọ́n, ẹ wá wò ó bó ṣe rà.

Wọ́n ti gbé pátákó ńlá sí iwájú ilé funfun, wọ́n kọ gàdàgbà sí i pé àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Láńdírófà tuntun wà níta. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo sì bá àwọn ará Àkúrẹ́ nínú ilé. Onídígí yẹn ló ń sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò fi nǹkan kan pamọ́ fún tíṣà. Ó ń béèrè pé obìnrin tó ń kọrin ńkọ́, èyí tó jó ní Ìkórè, ṣé ó ṣì ń wá gba abẹ́rẹ́?

Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì rí mi lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó ní obìnrin náà ti sàn débi pé kò nílò àwọn mọ́.

Onídígí ní ohun tí ìjọba ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ẹnu mi ti là. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò wà lórí ahọ́n mi. Mo wá rí i pé bí mo bá sọ ọ́, èmi náà á ti fa ẹ̀gbọ́n mi síta níwájú àwọn àlejò kan náà, láti fi ṣe ẹ̀rí. Kò sí bí mo ṣe lè mú un jíhìn láìjẹ́ pé mo tún ẹ̀gbọ́n mi gbé sókè fún ayé wò. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀. Mo pa ẹnu mi dé, mo yí padà.

Ó tẹ̀ lé mi jáde. Mo ní, "Kò sùn mọ́. Ó ti ń jẹ́ ìpè."

Ó wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn. Ó ní, "Jọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n lọ ná."

Mi ò dúró. Ìyá wa àti èmi gbé ẹ̀gbọ́n mi wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó ń dáhùn ìpè lójú ọ̀nà, àwọn èrò ọkọ̀ sì ń sún mọ́ ara wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. A tún bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò olóṣooṣù tí a rò pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ń kọjá níwájú ilé kan tí oògùn wà nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ la lè fi rìn débẹ̀, a ń wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú onílùú láti gba oògùn kan náà. Bí ọkọ̀ bá ti kan pátákó yẹn, ẹ̀gbọ́n mi á bo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń sùn.

Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì wá sílé wa lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà tó gbọ́ pé a ti dé. Ọ̀sán gangan ni, kò sì mú ìwé orin lọ́wọ́ mọ́. Kí ló tún fẹ́ fi bò mọ́lẹ̀? Ìyá wa kò fún un ní ìjókòó. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló dìde, ó jáde sí ẹnu ọ̀nà bá a. Ó ti rù, ojú rẹ̀ sì ti tún balẹ̀. Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì ní òun gbé abẹ́rẹ́ wá. Ó ní ọ̀nà Ìbàdàn ti jìn jù fún un. Ó ní kó dárí ji òun, kó jẹ́ kí òun máa tọ́jú rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo gbà pé òótọ́ inú rẹ̀ ló ń sọ, èyí tó sì ń bí mi nínú jù nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì ti ń ṣí àpò. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní, "Bọ̀dá, bí ara mi bá yá lọ́tẹ̀ yìí, ta lẹ ó sọ fún?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àpò. Ó lè parọ́. Ó ti parọ́ tó dára ju ìyẹn lọ fún wa rí. Ó wo ìyá wa, ó wo èmi, ó wá wolẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n á bi mí, Sístà. Kò sí bí wọn ò ṣe ní bi mí."

Ẹ̀gbọ́n mi rọra tú apá aṣọ náà sílẹ̀, ó sì de bọ́tìnnì rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ara mi ti yá. Wọ́n ti gba ìyẹn gbọ́ lọ́wọ́ yín rí."